Éamon de Valera: àwọn ìbéèrè tó ń padà wá nígbà gbogbo, àti ìdáhùn wọn

Àwọn òbí tí ọmọ wọn ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn níléèwé ní Ireland ló ń béèrè èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀nyí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ta kókó ló kẹ́yìn.

Ta ni Éamon de Valera?

Olóṣèlú ilẹ̀ Ireland ni. Ìgbà mẹ́ta ló ṣe olórí ìjọba: láti 1932 sí 1948, 1951 sí 1954, àti 1957 sí 1959. Bó ṣe kúrò níbẹ̀ ló bọ́ sípò ààrẹ, ó sì lo ọdún 14 níbẹ̀. Ẹni 90 ọdún ni nígbà tó kó jáde nílé ààrẹ ní 1973. Òun ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú Fianna Fáil sílẹ̀, òun náà ló sì wà nídìí ìwé òfin tí wọ́n ń lò níbẹ̀ títí dòní.

"Dev" lọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ìdílé kan dúró sí nígbà ogun abẹ́lé Ireland, ẹ kàn dárúkọ Dev nídìí oúnjẹ, kí ẹ wá máa wo ojú àwọn àgbàlagbà ibẹ̀.

Ṣé ọmọ Ireland ni, àbí ọmọ Amẹ́ríkà?

New York ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹwàá 1882. Ìyá rẹ̀, Kate Coll, jẹ́ ará Bruree lágbègbè Limerick, ó jápá lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìran Spéìn ni bàbá rẹ̀, Vivion de Valera; ibẹ̀ ni orúkọ tí kò jọ ti ará Ireland yẹn ti wá. Bàbá tètè kú. Nígbà tọ́mọ pé ọdún méjì, ìyá fi rán àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sílé, ìyá àgbà ló sì tọ́ ọ dàgbà nínú ilé alágbàṣe oko kan ní Bruree. Kate fẹ́ ọkọ míì ní Amẹ́ríkà, ó bímọ fún un, àmọ́ kò ránṣẹ́ pe àkọ́bí rẹ̀ mọ́.

Orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí rẹ̀ ni George. Edward ni wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un. Éamon dé nígbà tó dàgbà, tó gba èdè ìbílẹ̀ Ireland mọ́ra.

Ṣé òótọ́ ni pé wọn ò gbé ìyá rẹ̀ níyàwó?

Àwọn òpìtàn ti wá ìwé ìgbéyàwó náà títí níbi tí ìdílé sọ pé ó yẹ kó wà, wọn ò rí i. Ìyẹn nìkan la lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà gún un lára jálẹ̀ ayé rẹ̀, wọ́n tún ń pè é ní àjèjì. Ẹni tó bá dàgbà sí abúlé lọ́wọ́ ìyá àgbà, tí kò sí bàbá tó lè tọ́ka sí, á mọ bí irú èèbú bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe kó tó di olóṣèlú?

Tíṣà ìṣirò ni. Ó rí ẹ̀bùn owó ilé ẹ̀kọ́ gbà wọ Blackrock College ní Dublin lọ́dún 1898, lọ́wọ́ àwọn fáda Ẹ̀mí Mímọ́. Ẹgbẹ́ àwọn fáda yìí kan náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Shanahan, tó tan ìjọ Àgùdà ká ilẹ̀ Ìgbò, ti wá. Lẹ́yìn tó gboyè ní 1904, ó kọ́ni káàkiri, títí kan ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni obìnrin ní Carysfort.

Lọ́dún 1908 ó forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ èdè ìbílẹ̀ Ireland. Tíṣà tó ń kọ́ ọ ni Sinéad Flanagan, tó fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù Kìíní 1910, wọ́n sì bí ọmọ méje. Ọ̀kan nínú wọn, Brian, já bọ́ lórí ẹṣin, ó kú lọ́mọ ogún ọdún ní 1936.

Ìṣirò ò kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń jó lọ́wọ́, ní 1940, ó ṣòfin tó dá ilé ìwádìí ìjìnlẹ̀ kan sílẹ̀ ní Dublin, ó sì ránṣẹ́ pe Erwin Schrödinger, gbajúgbajà onímọ̀ físíìsì tó sá fún Hitler, pé kó wá máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Kí ló ṣe ojú rẹ̀?

Ojú ń dùn ún láti ìgbà pípẹ́. Ní 1952 ó lọ sí Utrecht ní Netherlands, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí i lójú lẹ́ẹ̀mẹfà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì ríran dáadáa mọ́ lẹ́yìn náà. Nítorí náà, ààrẹ tó gba Kennedy lálejò ní 1963, tó tún lọ bá àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ ní 1964, afọ́jú ni ká pè é. Ìyàwó rẹ̀ kú ní oṣù Kìíní 1975, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ìgbéyàwó wọn pé ọdún 65. Òun náà tẹ̀ lé e lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Itẹ́ òkú Glasnevin ní Dublin ni wọ́n sin ín sí.

Wọ́n pa àwọn olórí ọ̀tẹ̀ 1916. Kí ló dé tí wọn ò pa òun?

Nígbà ọ̀tẹ̀ Ọjọ́ Àjíǹde tí wọ́n ṣe sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹrin 1916, òun ni ọ̀gá àwọn ọmọ ogun tó di ilé ìṣe-búrẹ́dì Boland mú ní Dublin. Nígbà tí wọ́n juwọ́ sílẹ̀, ilé ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún un lọ́jọ́ 8 oṣù Karùn-ún. Láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 12 oṣù náà, Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa èèyàn 15.

Ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni pé torí pé Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ni. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn ran án lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n Thomas Clarke náà ní ìwé ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì pa á. Òun fúnra rẹ̀ kò gbà pé ìbí rẹ̀ ló yọ ọ́. Ohun tó yọ ọ́ ni pé ẹjọ́ rẹ̀ pẹ́. Nígbà tó fi máa kàn án, ìpànìyàn náà ti ń bí aráyé nínú, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Asquith, sì ti ń sọ fún ọ̀gágun Maxwell pé kó rọra. Wọ́n bi agbẹjọ́rò ìjọba bóyá De Valera yìí jẹ́ ẹni pàtàkì, ó ní rárá. Wọ́n bá yí ikú padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Oṣù Kẹfà 1917 ló jáde, nígbà tó fi di oṣù tó tẹ̀ lé e, ó ti wọlé ìbò ní East Clare pẹ̀lú ìbò 5,010 sí 2,035.

Báwo ló ṣe sá lẹ́wọ̀n Lincoln?

Ìbéèrè tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn jù nìyí, wọn ò sì jẹ̀bi.

Wọ́n tún mú un ní 1918, wọ́n gbé e lọ sẹ́wọ̀n Lincoln nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó máa ń bá fáda ẹ̀wọ̀n ṣiṣẹ́ pẹpẹ nígbà Míísà. Fáda a máa gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bó bá ń ṣe ìsìn. De Valera ń kó kùkùté àbẹ́là ṣọ́ọ̀ṣì jọ. Ó yọ́ wọn, ó tẹ kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ìda tó ti rọ̀, ó sì dá a padà sáyè rẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Seán Milroy, wá ya àwòrán apanilẹ́rìn-ín sórí káàdì Kérésìmesì: ọ̀mùtí kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di kọ́kọ́rọ́ gàgàrà kan mú. Ìwọ̀n kọ́kọ́rọ́ inú àwòrán yẹn gẹ́lẹ́ ni ìwọ̀n kọ́kọ́rọ́ fáda. Wọ́dà wo káàdì, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ́ kó kọjá.

Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n rọ níta wọlé nínú kéèkì, kò ṣílẹ̀kùn. Èyí tó tẹ̀ lé e náà kò ṣí i. Níkẹyìn wọ́n fi kéèkì kó irin tí wọn ò tíì gé eyín rẹ̀ àti ayùn wọlé, ẹlẹ́wọ̀n kan tó mọ̀ nípa àgádágodo sì gé e nínú ẹ̀wọ̀n gan-an.

Alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1919, Michael Collins àti Harry Boland, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjà òmìnira, dúró níta ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Collins ki kọ́kọ́rọ́ tọwọ́ rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó kán sínú ihò. Gbogbo wọn dákẹ́. De Valera fi tirẹ̀ ti èyí tó kán síta láti inú, ó yí i, ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn sójà àti nọ́ọ̀sì tó ń fẹ́ra wọn kún ìta ibẹ̀, ni Boland bá gbé kóòtù onírun wọ̀ fún De Valera, wọ́n di ara wọn lápá mú, wọ́n sì gba àárín wọn kọjá bí olólùfẹ́.

Kí ló lọ ń wá ní Amẹ́ríkà fún ọdún kan àtààbọ̀?

Owó, àti ìdánimọ̀ fún ìjọba tuntun táwọn ajìjà-òmìnira kéde ní Ireland. Láti oṣù Kẹfà 1919 dé oṣù Kejìlá 1920, ó ń ti ìlú dé ìlú, ó ń ta ìwé ẹ̀yáwó fáwọn ọmọ Ireland tó wà lókè òkun. Ó rí ju mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lọ. Ìdánimọ̀ ni kò rí. Ó tún bá àwọn àgbà òṣèlú ọmọ Ireland tó bá níbẹ̀ jà lórí ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá. Lákòókò yìí kan náà, Collins ni ogun òmìnira tí wọ́n ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà wà lọ́rùn rẹ̀ nílé.

Kí ló dé tí kò lọ sí London fúnra rẹ̀ ní 1921?

Ibí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó. Nígbà tí ìjà dúró ní oṣù Keje 1921, De Valera lọ pàdé Lloyd George, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, wọ́n sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Nígbà tó wá di ìjíròrò gidi ní oṣù Kẹwàá, ó jókòó sí Dublin, ó rán Arthur Griffith àti Collins lọ pẹ̀lú àwọn mẹ́ta míì. Collins ní jagunjagun lòun, òun kì í ṣe aláròyé. Wọ́n ní kó lọ.

Àlàyé tirẹ̀ ni pé òun ni àmì orílẹ̀-èdè olómìnira, kò yẹ kí wọ́n fa àmì náà wọ́lẹ̀ nídìí tábìlì. Àti pé báwọn aṣojú bá lè sọ pé "a máa kọ́kọ́ béèrè nílé", wọn ò ní kánjú fọwọ́ sí nǹkan. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní ó ti mọ̀ pé òmìnira pátápátá kò sí níbẹ̀, ó sì fẹ́ kẹ́lòmíì gbé ẹ̀bi rẹ̀ wálé.

Èmi gbà pé àlàyé rẹ̀ kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò tó. Ẹni tó ti bá Lloyd George jókòó mọ bí ọkùnrin yẹn ṣe ń fúnni lọ́rùn. Ó rán ẹni tí kò jókòó níbẹ̀ rí lọ. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lọ́jọ́ 6 oṣù Kejìlá láìbéèrè nílé, inú rẹ̀ sì ru.

Ṣé òun ló dá ogun abẹ́lé sílẹ̀? Ṣé òun ló pa Collins?

Ohun tó bí i nínú jù nínú àdéhùn náà ni ìbúra: kí gbogbo aṣòfin Ireland búra pé àwọn yóò ṣe olóòótọ́ sí ọba Gẹ̀ẹ́sì. (Ọ̀rọ̀ gígé erékùṣù náà sí méjì, tó wá di wàhálà ọgọ́rùn-ún ọdún, díẹ̀ ni wọ́n sọ nípa rẹ̀ nínú àríyànjiyàn yẹn.) Lọ́jọ́ 7 oṣù Kìíní 1922, ilé aṣòfin fọwọ́ sí i, 64 sí 57. De Valera kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó jáde.

Òun kọ́ ló yin ìbọn àkọ́kọ́. Ìjọba tuntun tó gba àdéhùn náà ló yin àgbá lu àwọn alátakò àdéhùn tó di ilé ẹjọ́ Four Courts mú, lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹfà. Òun kọ́ náà ló darí àwọn alátakò lójú ogun. Liam Lynch ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, ó ti ń sọ̀rọ̀ níta gbangba pé ó lè di dandan káwọn ọmọ Ireland wọ́ ẹ̀jẹ̀ ara wọn kọjá kí òmìnira tó dé. Ó ní ìkìlọ̀ lòun ṣe. Ọ̀dọ́ tó ní ìbọn lọ́wọ́ kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ìkìlọ̀.

Collins kú nínú ìbùba ní Béal na Bláth lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹjọ. De Valera wà ní sàkáání ibẹ̀ nígbà náà, àmọ́ kò sí ẹ̀rí kankan pé òun ló pàṣẹ. Ẹ má jẹ́ kí sinimá tàn yín.

Ó ní òun ò ní búra láéláé. Báwo ló ṣe wá wọ ilé aṣòfin ní 1927?

Ó búra. Tàbí kò búra. Ó sinmi lórí ẹni tẹ́ ẹ bá bi.

Ó ti dá Fianna Fáil sílẹ̀ ní 1926, ẹgbẹ́ náà sì ń rí ìbò, ṣùgbọ́n àga wọn ṣófo torí ìbúra. Ní oṣù Keje 1927 wọ́n pa mínísítà Kevin O'Higgins, ìjọba sì ṣòfin pé ẹni tí kò bá ní búra kò gbọ́dọ̀ du ipò mọ́. Ní oṣù Kẹjọ, De Valera kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ. Bó ṣe rò ó fúnra rẹ̀ nìyí: ó gbé Bíbélì kúrò lórí ìwé náà, ó lọ gbé e sí ìpẹ̀kun yàrá, ó sọ fún akọ̀wé pé òun kò búra o, pé òun kàn ń kọ orúkọ kí wọ́n lè jẹ́ kóun wọlé ni, ó fi bébà bo ọ̀rọ̀ tó wà lókè, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ìbúra náà.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ní 1927, kí ni wọ́n kú fún ní 1922? Ìbéèrè yẹn ni kò fi í lọ́rùn sílẹ̀ títí tó fi wọnú ibojì. Ohun tá a lè sọ fún un ni pé nígbà tó gbàjọba, ó pa ìbúra náà rẹ́ ní 1933, ọta ìbọn kan kò sì dún.

Kí ni "ogun ajé"?

Àwọn àgbẹ̀ Ireland ń san owó padà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọọdún, lórí gbèsè tí wọ́n fi ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ àtijọ́. De Valera dé ní 1932, ó ń gba owó náà, kò fi ránṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì bu owó ẹnubodè ìdá 20 nínú 100 lé màlúù àti ohun ọ̀gbìn Ireland. Màlúù dọ̀pọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Ó burú dé ibi tí ìjọba fi ń sanwó awọ ọmọ màlúù káwọn èèyàn lè máa pa wọ́n dànù.

Ní 1938 wọ́n parí ìjà: Ireland san mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Gẹ̀ẹ́sì tún dá èbúté mẹ́ta tí ọmọ ogun ojú omi wọn ṣì ń lò padà: Cobh, Berehaven àti Lough Swilly. Àwọn darandaran ló jìyà jù. Àmọ́ ká ní wọn ò dá èbúté wọ̀nyẹn padà ni, Ireland kì bá tí rí ogun Hitler yẹra fún.

Kí ni ìwé òfin 1937 fi kàn wá?

Ó kàn yín ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ará ìlú dìbò sí i lọ́jọ́ 1 oṣù Keje 1937: 685,105 ní bẹ́ẹ̀ni, 526,945 ní bẹ́ẹ̀kọ́. Ó fún ìjọ Àgùdà ní ipò àrà ọ̀tọ̀ (ìbò 1972 yọ ọ́), kò gba ìkọ̀sílẹ̀ láyè (ìbò 1995 yí i), ó sì ní ìwúlò obìnrin nínú ilé ṣe pàtàkì fún orílẹ̀-èdè. Ìyẹn ṣì wà níbẹ̀: ìjọba fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2024, àwọn olùdìbò kọ̀.

Ohun tó ta bá àwọn Yorùbá Dublin gan-an ni pé ìwé òfin náà kò ṣeé tún ṣe láìbi ará ìlú. Ní oṣù Kẹfà 2004, wọ́n bi wọ́n bóyá ọmọ tí àlejò bá bí sílẹ̀ Ireland yóò ṣì máa jẹ́ ọmọ onílẹ̀ kíákíá. Ìdá 79 nínú 100 ní kó dáwọ́ dúró. Láti 2005, wọ́n á kọ́kọ́ wo ìwé ìgbélùú òbí. Ọmọ tí wọ́n bí sí New York fún bàbá àjèjì ló fi ìlànà ìdìbò náà lélẹ̀. Ọ̀rọ̀ ayé a máa pani lẹ́rìn-ín.

Ṣé lóòótọ́ ló lọ kí Jámánì kú aráfẹ́ráku nígbà tí Hitler kú?

Lóòótọ́ ni. Lọ́jọ́ 2 oṣù Karùn-ún 1945, ó lọ bá Eduard Hempel, aṣojú Jámánì ní Dublin. Ìdí tó fi sílẹ̀ ni pé Ireland kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, wọ́n ti ṣọ̀fọ̀ Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní oṣù tó ṣáájú, nítorí náà ó ní láti ṣe fún apá kejì.

Kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni lórí ìwé, àmọ́ awakọ̀ òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà tó bá já bọ́ sí Ireland sábà máa ń rọra dé ẹnubodè àríwá. Ti Jámánì wà nínú àgọ́. Nígbà tí bọ́ǹbù Jámánì ń jó Belfast ní oṣù Kẹrin 1941, ọkọ̀ panápaná Dublin ló rán sọdá. Èyí ló mú kí ìkíni yẹn burú lójú tèmi: ọlọ́gbọ́n tó mọ ìwọ̀n gbogbo ọ̀rọ̀ kò wọn ọ̀kan yìí. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bú u lórí rédíò, De Valera sì fi pẹ̀lẹ́tù dá a lóhùn lọ́jọ́ 16. Ìdáhùn yẹn lọ̀pọ̀ ará ilé rántí.

Ṣé òun ló sọ Ireland di orílẹ̀-èdè olómìnira pátápátá?

Rárá. Ìjọba John A. Costello ni, ní 1949, nígbà tí De Valera wà ní ẹgbẹ́ alátakò.

Ibo ló ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn omidan tó ń jó ní oríta?

Kò sọ ọ́ níbì kankan. Lórí rédíò lọ́jọ́ Patrick Mímọ́ 1943, ó ṣàpèjúwe Ireland tó ń lá nípa rẹ̀: ìdílé tí ohun díẹ̀ tẹ́ lọ́rùn, ìdárayá àwọn ọ̀dọ́, ẹ̀rín àwọn omidan tínú wọn ń dùn. Ijó kò sí níbẹ̀, oríta kò sí níbẹ̀. Kódà, òfin tí ìjọba rẹ̀ ṣe ní 1935, pé kí wọ́n gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó ṣe agbo ijó, wà lára ohun tó pa ijó oríta.

Nǹkan bí 400,000 èèyàn ló jápá kúrò ní Ireland láàárín 1950 sí 1960. Omidan pọ̀ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn Irish Press ńkọ́?

Èyí ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kì í fẹ́ dáhùn. Ìwé ìròyìn náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án 1931, ìyá Patrick Pearse tí wọ́n pa ní 1916 ló tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ. Lára owó tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni owó ìwé ẹ̀yáwó Amẹ́ríkà ọjọ́ kìíní àná: nígbà tí wọ́n ń dá owó náà padà fáwọn tó yáni, De Valera ní kí wọ́n fi tiwọn jin ìwé ìròyìn, ọ̀pọ̀ sì fọwọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ni agbára lórí ilé iṣẹ́ náà wà, àní nígbà tó ń ṣe olórí ìjọba.

Ní òpin 1958, aṣòfin kan, Noël Browne, gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ilé aṣòfin: báwo lèèyàn ṣe ń ṣàkóso ìlú, tó tún ń ṣàkóso ìwé ìròyìn tó ń ròyìn ìlú? De Valera ní òun kò gba owó oṣù níbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kúrò nípò olórí ìjọba, Vivion ọmọ rẹ̀ sì gba àga ilé iṣẹ́ náà. Àwọn tó yáni lówó ní Boston àti New York kò rí kọ́bọ̀ gidi kan gbà níbẹ̀. Ìwé ìròyìn náà kógbá sílé ní 1995.